Ọgbà Neville Tí Wọ́lábì Kò Lè Wọ̀

Neville ní òun ti ṣẹ́gun wọ́lábì.

Neville o. Ẹni tí kò lè ti ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ kó pa dé.

Aládùúgbò mi ni, ní Tasmania níbí. Ọdún méje gbáko ni Glenys, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ti ń fi kábéèjì nà án níbi ìdíje àgbẹ̀ ìlú wa. Lọ́dún yìí, kábéèjì Neville tóbi ju orí rẹ̀ lọ, orí yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Ìdíje ku ọ̀la.

Wọ́lábì nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn àbúrò kangarúù yìí a máa sùn sábẹ́ igbó lọ́sàn-án. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á gbé ọmọ sínú àpò ikùn, wọ́n á fò wá jẹ oko olóko. Ọmọ ọwọ́ ibí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Neville, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, lọ ń ri òpó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Gbà! Gbà! Gbà! Ó fi wáyà yí ọgbà ká, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ gan-an fi ń ṣẹ́rí padà.

Mo ní, "Nev, ṣé o yẹ abẹ́ igbó òdòdó ìyàwó ẹ tó wà nínú ọgbà wò kó o tó tì í?"

"Máa lọ sílé ẹ jàre. Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé àga síta, ó kọ̀yìn sí ọgbà, ó dojú kọ igbó. Mo jókòó tì í. Kò pẹ́ la gbọ́ gbì! gbì! Ẹsẹ̀ ni wọ́lábì fi ń lu ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ara bá fu ú.

"O gbọ́? Inú ń bí wọn. Wọn ò ríbi wọlé."

"Ẹ̀yìn wa ni mo ti gbọ́ ọ o."

"Etí ẹ ló di."

Wọ̀mùwọ̀mù. Wọ̀mùwọ̀mù.

"Nev, nǹkan ń jẹun."

"Ẹnu ẹ ni."

Ẹ̀rín ń pa mí, mo gbé e mì. Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ ọlọ́gbọ́n lọ́gbọ́n?

Ilẹ̀ mọ́. Kábéèjì méjìdínlógún ti di kùkùté. Abo wọ́lábì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ igbó òdòdó, ikùn rẹ̀ rí rondo. Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, èyí tó tóbi jù.

Beryl, ìyàwó rẹ̀, gbé ife tíì jáde, ó wo ọgbà náà yí ká.

"Neville, ọgbà ẹ lágbára o. Kò sóhun tó ráyè jáde."

Neville já kábéèjì náà, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó rọra gbé e kalẹ̀ kó lè ṣí géètì. Ẹran náà dìde, ó fò tọ kábéèjì lọ.

Mo pariwo, "Nev, kábéèjì!"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Òpè. O ò rí i pé ìyá ti yó?"

Òótọ́ ló sọ. Ìyá ti yó. Ó kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ni orí kékeré kan bá yọ látinú àpò.

Ọmọ ò tíì jẹun àárọ̀.