Jíìpù Bàbá Tísà Tó Ń Kúnlẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Tísà fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jíìpù olówó ńlá tó fi owó ìfẹ̀yìntì rà balẹ̀ gẹẹrẹ nínú ọgbà bí adìẹ tó ń sàba. Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dúró dè é pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, má wulẹ̀ yẹ nǹkan kan wò. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti kà nípa ẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí."

"Kí ló ń ṣe é, sà?"

"Ó ń kúnlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo àárọ̀ ni mo ń bá a lórí ìkúnlẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mo ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ̀ olówó ni, pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé."

"Wọ́n gbà yín gbọ́?"

"Èmi gan-an gba ara mi gbọ́. Mo máa ń dá a lóhùn pé, 'Káàárọ̀, o ò jí bí?'"

Mẹkáníìkì fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ṣé ó ń jò?"

"Ó ń jó? Bí mo bá tan rédíò, ó máa ń mì díẹ̀."

"Jò ni mo wí. Bí òrùlé."

"Òrùlé ẹ̀ dáa. Ìsàlẹ̀ ni kí o wò."

Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Afẹ́fẹ́ ni mò ń bi yín, sà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé irú jíìpù yìí dúró. Àmọ́ n ò gbọ́ kó máa jò."

Inú Bàbá Tísà dùn. Ohun tí fóònù wí náà nìyẹn. "Àpò afẹ́fẹ́. Àbí mi ò wí? Mo ti rà á." Ó tú ọ̀rá. "Ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án ni mo wọ̀ kí n tó rí i."

Mẹkáníìkì gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Bàbá, inú ṣítíáríìnì tí ẹ fi ń darí ọkọ̀ ni eléyìí ń gbé. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, òun ló máa wú síta kí ojú yín má baà fọ́."

"Kò lè gbé ìdí ọkọ̀ dúró?"

"Ojú nìkan ló mọ̀ ọ́n bò, sà."

"Gbé e wá. Ojú ń tì mí báyìí, bóyá ó lè bá mi bò ó díẹ̀."

Nínú ilé, bàtà ìyàwó rẹ̀ ń ró kó-kó-kó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Bàbá Tísà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ní kí n má ta ọkọ̀ kékeré wa. Bí jíìpù yìí ò bá gbéra lónìí, títí n ó fi kú ni n ó máa gbọ́ ọ."

Mẹkáníìkì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ àwọn bọ́tìnnì inú rẹ̀.

"Lálẹ́, tí ẹ bá gbé e sílẹ̀, kí lẹ máa ń fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

"Mo máa pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ká wíńdò sókè, mo sì máa tẹ ibí yìí."

"Kí lẹ rò pé ó wà fún?"

"Àwòrán ọkọ̀ ni, pẹ̀lú ọfà tó dojú kọ ilẹ̀. Mo ní wọ́n ń sọ fún un pé kó sùn."

Mẹkáníìkì wọnú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ èyí tí ọfà tiẹ̀ dojú kọ òkè. Jíìpù náà mí kanlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn, ó gbé iwájú, ó sì dúró ṣánṣán.

Bàbá Tísà wò ó títí.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tì í kúnlẹ̀, mo tún ń dáhùn."

"Wọ́n ṣe é kó lè rọrùn fún àgbà láti wọlé ni, sà."

"Àgbà náà ti wọlé."

Ilẹ̀kùn ilé dún. Bàbá Tísà di apá aṣọ mẹkáníìkì mú.

"Ó ń bọ̀. Bó bá bi ọ́ pé kí ló bàjẹ́, má purọ́, àmọ́ má sọ ọ́ tán. Sọ pé nǹkan kan tó máa ń jókòó sídìí ṣítíáríìnì ni."

"Ó dáa, sà. Bí wọ́n bá wá ní kí n bá àwọn wá tuntun ńkọ́?"

"Jọ̀ọ́, sọ pé kò sí lọ́jà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá a."