Dísáínà Tó Ní Bàbá Mi Ń Pariwo Lára Ògiri

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ẹ̀mí mi fi máa pin. Àwọn ọjọ́ tó dára jù ú lọ ti ṣí kúrò lórí mi. Ọjọ́ tí mo gboyè ní yunifásítì pàápàá, ìlàjì rẹ̀ ni mo rántí. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ní Sábọ̀n Gàrì, ní Kánò, ó wà digbí pẹ̀lú ariwo àti eruku rẹ̀.

Apá ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Kánò, mo sì gba pálọ̀ kan àti yàrá kan nílé Alhaji kan ní Niger Street. Ọmọ Ọ̀fà ni Alhaji, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èdè Hausa ló fi ń lálàá. Mai Digiri ló ń pè mí, ìyẹn ẹni tó ni digirí. Ká sòótọ́, bí kò bá pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ọjọ́ náà kì í dùn mọ́ mi.

Bísí ni mo fẹ́ fẹ́, tíṣà ni ní Kánò níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Bàbá Ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà kan ní Jọ́ọ̀sì. Ó ránṣẹ́ pé òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, àfi tí òun bá fojú ara òun rí ibi tí ọmọ òun máa gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wa.

Pálọ̀ mi nígbà náà dà bíi pálọ̀ gbogbo èèyàn. Àga onígi mẹ́rin, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, òdòdó oníke, kàlẹ́ńdà mẹ́ta tí méjì nínú wọn ti lo ọdún wọn tán. Lókè, nítòsí àjà, àwòrán bàbá mi wà nínú férémù, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ohun tí mo ń jẹ.

Bísí ní ká pe Ìyá Ṣèyí, obìnrin kan nínú ẹ̀ka ìjọ wọn ní Kánò tó máa ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ìkórè, tó sì ń rán kọ́tìnì àti aṣọ àga fáwọn èèyàn. Ìyá náà wá. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ní, "Bọ̀dá, àwọn wo ló máa jókòó síbí?"

Mo rò ó pé ìbéèrè wo tún nìyí. Mo ní, "Èèyàn ni, mà."

Nígbà tó lọ, mo sọ fún Bísí pé dẹkọrétọ̀ lásán nìyẹn. Intéríọ̀ dísáínà lèmi ń wá.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Inú ìwé aláwòrán kan ní láíbìrì yunifásítì ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ mo ṣàlàyé fún un fún bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọ́fíìsì kan ní Zoo Road ni mo ti rí dísáínà tèmi. Irun orí rẹ̀ ga, bàtà rẹ̀ ga, ohùn rẹ̀ nìkan ló rẹlẹ̀. Ó ní òkè òkun lòun ti kọ́ṣẹ́. Kò sọ iye oṣù tó lò níbẹ̀, èmi náà ò sì béèrè.

"Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá," ló wí, "dẹkọrétọ̀ ń wọṣọ fún yàrá ni. Èmi, mo máa ń tún yàrá bí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó yẹ kí n rántí pé ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ.

Ó gbé pikọ́ọ̀bù wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kó àga, ó kó kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó òdòdó, ó ní kí wọ́n lọ kó gbogbo rẹ̀ sí sítọ́ọ̀ kan ní Tarauni. Nígbà tó kan àwòrán bàbá mi, mo ní, "Èyí ńkọ́?" Ó wò ó títí, ó ní, "Ó ń pariwo." Bàbá mi tó jẹ́ pé ó lè máà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo gun àkàbà, mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́, ó sì bá ẹrù yòókù lọ.

Ó kun ògiri ní funfun, ó wá fi ọ̀dà pupa ya òbìrìkìtì ńlá kan sí àárín rẹ̀. Dípò àga, ó kó àpò aṣọ mẹ́ta rọ̀gbọ̀dọ̀ tí wọ́n rọ fóòmù wẹ́wẹ́ kún sílẹ̀. Kò sí kọ́tìnì, ó ní ìmọ́lẹ̀ ni kọ́tìnì ayé òde òní. Ojú títì sì ni fèrèsé mi kọ sí. Láti ọjọ́ yẹn, iwájú èrò ni mo ti ń jẹun. Àwọn ọmọdé á to ara wọn sójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Sannu, Mai Digiri, me kake ci?" Èmi náà á dáhùn pé tuwo ni mò ń jẹ. Ọyẹ́ ti mú, nígbà tó fi máa di Fráídè, ògiri funfun ti di àwọ̀ ọkà bàbà.

Fráídè náà ni Bísí wá wò ó.

"Níbo ni Bàbá máa jókòó sí?"

"Orí àwọn àpò yẹn."

"Ẹni tí orúnkún ń dùn?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, bàbá tó bá rí ọ̀làjú á mọ̀ ọ́n.

Sátidé pé. Bísí mú Bàbá Ìjọ dé láti ibùdó rélùwéè, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jókòó.

"Sórí kí ni?"

Mo fi àpò hàn wọ́n. Bàbá rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀. Àpò gbà á, ó sì ń gbà á lọ, títí orúnkún rẹ̀ fi bá àgbọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Láti ibẹ̀ ló ti gbójú sókè sí ògiri, bí gbogbo àgbà ṣe máa ń ṣe nígbà náà tí wọ́n bá wọ pálọ̀ ẹni, kí wọ́n lè rí ọmọ ẹni tó o jẹ́. Òbìrìkìtì pupa ló rí.

"Ẹgbẹ́ wo lẹ ń ṣe tó ń lo àmì yìí?"

"Kì í ṣe ẹgbẹ́, sà. Iṣẹ́ ọnà ni."

"Bàbá ẹ dà?"

"Wọ́n wà nílé, sà, ní Ìwó."

"Lára ògiri ni mo wí."

"A ti yọ wọ́n, sà."

"Ta ló yọ wọ́n?"

Mo wo Bísí. Bísí ń wo ilẹ̀. "Èmi ni, sà."

Bàbá Ìjọ dijú. Ó fa agogo kékeré yọ nínú àpò agbádá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí ohunkóhun tó bá ń gbé inú òbìrìkìtì náà. Ó fẹ́ dìde gbà á, àpò ò gbà fún un. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń lu agogo, tí ó ń ju ẹsẹ̀.

Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò ọjà dé nírọ̀lẹ́ àná, kò tíì rí pálọ̀ mi. Ó gbọ́ agogo, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí yàrá òfìfo àti bàbá arúgbó nílẹ̀. "Subhanallahi," ló wí, ó sì wọlé. "Mai Digiri, ṣé olè ló kó ẹ lẹ́rù báyìí?"

Ohun tójú ń tì mí fún jù nìyí. Mo lè sọ òótọ́. Orí ni mo tẹ̀ ba, Alhaji sì gbà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pariwo sí àgbàlá. Kíá, àga dé, tábìlì dé, kúnú dé. Ọkùnrin méjì ló fa Bàbá Ìjọ yọ nínú àpò, wọ́n sì gbé e jókòó sórí àga Alhaji fúnra rẹ̀. Bísí sáré pe Ìyá Ṣèyí, ìyẹn kó kọ́tìnì wá, ó fi ọ̀kan bo òbìrìkìtì náà mọ́lẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Láàárín wákàtí kan, pálọ̀ mi ti wọṣọ.

Bàbá Ìjọ mu kúnú, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹni tí olè jà, tí gbogbo ilé dìde fún," ló wí, "ọmọ náà ní èèyàn." Mo ti ń rí ìyàwó nílé.

Àsìkò yẹn gan-an ni dísáínà mi wọlé pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó fẹ́ ya iṣẹ́ rẹ̀ láti fi han àwọn oníbàárà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

"Iṣẹ́ wo?" Alhaji ló béèrè.

"Yàrá yìí. Gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ni mo kó kúrò. Ọ̀gá yìí ló ní kí n kó o, wọ́n sì sanwó fún mi."

Alhaji yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Haba, Mai Digiri. Ìwọ lo sanwó fún olè?"

Ìyá Ṣèyí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi etí gèlè bo ẹnu. Bàbá Ìjọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Bàbá ẹ tó o yọ, níbo ló wà?"

"Tarauni, sà."

"Lọ gbé e wá. Ìgbà náà ni màá dá ẹ lóhùn."

Alhaji yá mi ní kẹ̀kẹ́. Férémù náà tóbi, mi ò lè fọwọ́ kan gbé e gun kẹ̀kẹ́, ni mo bá fi ìborùn Bísí pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ tuntun. Báyìí ni mo ṣe pọn bàbá mi wọ Niger Street lọ́sàn-án gangan, tó ń wo gbogbo ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

Bàbá Ìjọ gbà á, ó fi fìlà nu eruku ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Eléyìí ò jọ ẹni tó lè ṣe irú nǹkan báyìí."

"Rárá, sà."

"Mo fún ọmọ rẹ̀ ní Bísí. Ọmọ ẹni yìí ni mo fún o, kì í ṣe Mai Digiri."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi ọ̀dà pa òbìrìkìtì yẹn rẹ́ kí n tó kó kúrò nílé Alhaji, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún yọjú. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá dísáínà ni kóun pè sílé òun tàbí dẹkọrétọ̀, mo máa ń ní kó pe èyí tó bá kọ́kọ́ béèrè àwọn tó máa jókòó síbẹ̀. Ìyá Ṣèyí béèrè lọ́wọ́ mi. Èmi ni mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa obìnrin pè mí wá wo ilé rẹ̀ tuntun. Funfun ni gbogbo rẹ̀, àga rẹ̀ rẹlẹ̀, mo jókòó, mo sì rì. Mo wo ògiri yíká.

"Níbo ni mo wà?" ni mo bi í.

Ó ní, "Dádì, ẹ wà lórí àga."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sí i kó wá fà mí dìde.