Díákónì Oṣùọlálé Lọ Bẹ Ẹlẹ́wọ̀n Wò

Ewúrẹ́ ló ba Díákónì Oṣùọlálé lẹ́rù.

Kì í ṣe ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu o! Ewúrẹ́ inú ìwàásù ni. Pásítọ̀ ló sọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé tó bá dọjọ́ ìdájọ́, àgùntàn á bọ́ sí ọ̀tún, ewúrẹ́ á bọ́ sí òsì, iná á sì sọ gbàù! Ó ní ẹni tí kò bá fún ẹni tébi ń pa lóúnjẹ, tí kò gba àlejò sílé, tí kò bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, kó yáa máa fi igbe ewúrẹ́ kọ́ra láti ìsinsìnyí.

Díákónì, tó ń ta abọ́ lọ́jà Bouaké ní Ivory Coast, bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò.

Oúnjẹ? Ó ti fún ẹnì kan ní búrẹ́dì rí. Búrẹ́dì náà ti ń hùkàsì, àmọ́ búrẹ́dì ṣáà ni.

Àlejò? Níbo la tún ti fẹ́ wá àlejò? Láti ọjọ́ tí ìjọba ti gbé ọ̀rọ̀ "ta lọmọ onílùú" dé, gbogbo àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ti di àlejò, títí kan Díákónì tí wọ́n bí sí àdúgbò Sokoura ní Bouaké níbí! Ó bá gba ara rẹ̀ sílé, ó kà á mọ́ iṣẹ́ rere.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó wá ku ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bọ́ ṣòkòtò ọjà, ó fi kọ́ ìsọ̀, ó wọ aṣọ Àjíǹde rẹ̀, funfun báláú. Ó gbé abọ́ ìrẹsì, ó di kọmisáríà, àgọ́ àwọn ọlọ́pàá.

"Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Mo wá bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Èyíkéyìí."

"Èyíkéyìí kẹ̀?"

"Ẹni tó bá wà ńlẹ̀, ọ̀gá. Kó ṣáà ti wà látìmọ́lé."

Ọlọ́pàá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Anago, káàtì séjúù rẹ dà?"

Yéè! Ìwé tí àlejò ò gbọdọ̀ rìn láìmú dání! Díákónì ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún: òfo. Àpò òsì: òfo. Ìwé wà nínú ṣòkòtò ọjà. Aṣọ ọ̀run ló wọ̀ wá, kò mọ̀ pé wọ́n ń béèrè ìwé lọ́nà ibẹ̀.

Gbàm! Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn tó bá níbẹ̀ sì ti jẹ ìrẹsì tán kó tó jókòó.

Ọlọ́pàá ní bí ìwé ò bá dé kí ọ̀gá àwọn tó ṣíwọ́ láago mẹ́rin, ó di ọjọ́ Ajé.  Díákónì ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìtùnú, pé kó sáré mú ìwé wá láti ìsọ̀.

Aago mẹ́ta, Ìyá Ìtùnú dé. Kò dá wá o! Gbogbo Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ ló kó dání, wọ́n ru ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n ń jó bọ̀.

"Ìyá Ìtùnú, ìwé mi dà?"

"Bàbá Ìtùnú, ẹ fara balẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà. Láti ọjọ́ Ìsinmi la ti ń wá ẹlẹ́wọ̀n!"

Wọ́n gbàdúrà, àdúrà ò tán bọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Ọkùnrin tún ya dé, Pásítọ̀ ló ṣíwájú wọn, wọ́n mú ọṣẹ àti ayàwòrán dání.

Ayàwòrán ní: "Díákónì, ẹ fajú ro díẹ̀! Ẹ ò jọ ẹlẹ́wọ̀n!"

"Ìwé mi! Ẹ bá mi mú ìwé mi wá!"

"Báyẹn gan-an! Ẹ má mira!"

Ṣààà! Wọ́n yà á.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù. Ta ló sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ? Àmúdà ni, Mùsùlùmí tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Díákónì. Ó kí Jímọ̀ tán, ó gbọ́ ìròyìn lọ́jà, ó tú ṣòkòtò, ó mú ìwé. Òun nìkan ni kò gbọ́ ìwàásù nínú gbogbo wọn.

Ọlọ́pàá yẹ ìwé wò, ó ṣílẹ̀kùn.

"Anago, ó yá, máa lọ."

Díákónì gbé ẹsẹ̀ kan síta.

"Rárá o!" Pásítọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà pa. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ tì í padà! Ẹgbẹ́ akọrin ṣì wà ní àdúgbò Ahougnansou, wọ́n ti ń bọ̀!"