Ẹ̀rọ Àtẹ́wọ́ Tí Wọ́n Lé Jáde

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa iná mànàmáná, Sátidé kan wà nílé wa ní Oǹdó tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Ọdún àṣekágbá mi ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ ni. Mo ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan. Bí o bá pàtẹ́wọ́, iná á tàn. Bí o bá tún pàtẹ́wọ́, á kú. Mọ́ńdè ni mo fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn olùkọ́, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, màá tún ọdún náà ṣe nìyẹn. Mo wá dán an wò nílé. Mo so ó mọ́ gílóòbù pálọ̀, mo fi kọ́tìnì bò ó, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ ya Mọ́mì lẹ́nu. Ọgbọ́n mi pọ̀ jù nígbà yẹn.

Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo fi jí, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ Mọ́mì ti kún pálọ̀ wa fún àdúrà, wọ́n sì ti gbé orin. Àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́, iná tàn. Wọ́n ní, “Wọ́n ti mú iná wá!” Àtẹ́wọ́ kejì, ó kú. Wọ́n bú àwọn oníná. Ṣùgbọ́n bí orin ṣe ń le sí i ni iná ń bá wọn jó, ó ń tàn, ó ń kú, orin bá dá. Ìyá Olórí, tó ń darí wọn, pàtẹ́wọ́ ìyanu: “Háà!” Iná tàn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́: “Ẹ̀ẹ́ẹ̀, kí lèyí?” Ó kú. Bó ṣe ń yà wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ló ń yà wọ́n lẹ́nu.

Mo sáré jáde. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́! Ẹ ò jẹ́ kó sinmi!”

Ìyá Olórí wò mí látòkè délẹ̀. “Ta ni?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ni, mà.”

“Ó tún ní ibùgbé! Ẹ mú ọmọ yìí kúnlẹ̀!”

Mo ní kí n ṣàlàyé àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Mo dárúkọ transísítọ̀, mo dárúkọ kapásítọ̀, mo dárúkọ ríléè.

“Ẹ gbọ́ orúkọ wọn! Wọ́n pọ̀! Jáde!”

Mọ́mì fúnra wọn ló fa ẹ̀rọ náà já, wọ́n jù ú sínú garawa omi. Ìyá Olórí da òróró lé e. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ni ìdúpẹ́ bá gbòde. Mo ń sunkún ní tèmi. Wọ́n ní ìtúsílẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ níwájú àwọn olùkọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ọ̀gá wọn gbóòórùn pátákó ẹ̀rọ náà, ó ní, “Kí ló dé tí iṣẹ́ ẹ ń rùn bí òróró?”

“Sà, wọ́n ti lé e jáde ni.”

Nígbà tí mo rò fún wọn tán, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n ní kí n lọ ṣe òmíràn wá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ya ìyá ẹ̀ lẹ́nu, kó yáa ra aṣọ fún un. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ o: nígbà tí mo yege, Mọ́mì dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jẹ́rìí pé àwọn ẹ̀mí tó fẹ́ dá mi dúró ni àwọn lé jáde ní Sátidé yẹn. Gbogbo ìjọ hó yèè. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Àmín.”