Àgbà Ló Ní Kí Fáìlì Òun Ṣáájú

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ìgbéraga bí, tí ìgbéraga sì tọ́ dàgbà, ẹ má wá a jìnnà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga Akínladé ni, ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan ní Jọ́ọ̀sì lọ́dún 1987. Kọ̀ǹpútà-ń-wárìrì! Bàbá gbogbo bọ́tìnnì! Òun fúnra rẹ̀ ló fi àwọn oríkì náà dá ara rẹ̀ lọ́lá, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Agbára rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí à ń pè ní Palẹ̀mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó fáìlì tó fọ́n káàkiri lọ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n kí Palẹ̀mọ́ tó gbéra, èèyàn ní láti tẹ àṣẹ tó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin: èyí tí yóò kó, èyí tí yóò fi sílẹ̀, ibi tí yóò kó o sí. Olúgbóyèga nìkan ló há a sórí. Àwọn akọ̀wé a tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn a máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ òjò.

Ni Dúródọlá Adégbìtẹ́ bá dé. Ọmọ àdúgbò Rantya ni, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n gbà á síṣẹ́ fún, ó sì ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé. Ó tún Palẹ̀mọ́ kọ, kí ó lè máa ka àṣẹ látinú fáìlì kékeré tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá sì ti gbéra, yóò kọ́kọ́ fi orúkọ ẹni tó ṣe é, tí a kọ sínú fáìlì náà, hàn lójú ẹ̀rọ. Àkọ́sórí parí, ẹ̀bẹ̀ náà parí.

Ojú Olúgbóyèga pọ́n. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ọ̀gá pátápátá, Ìyáàfin Veronica Ọláwándé, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà, àti pé ẹni tó ṣe é ni yóò di ọ̀gá kọ̀ǹpútà gbogbo ẹ̀ka. Ó pe Dúródọlá.

"Mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé èmi ni mo ṣe é. Fáìlì mélòó ni Palẹ̀mọ́ ń kà?"

"Méjì, sà. Tèmi tó wà fún gbogbo èèyàn, àti ti ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Tèmi ló kọ́kọ́ ń kà, kó tó ka tiyín."

Ó fò dìde. "Tìrẹ kọ́kọ́? Ilé baba ta ni ọmọdé ti ń ṣáájú àgbà fọwọ́ bọ àwo?"

"Sà, bí fáìlì méjèèjì bá takora, ti ìkẹyìn ni Palẹ̀mọ́ ń tẹ̀ lé. Orúkọ mi sì wà nínú tèmi."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀! Àjẹkù ni ti ọmọdé. Fi tèmi ṣáájú, mo ní!"

Ádámù, ará àdúgbò Ali Kazaure tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, wúkọ́. "Haba, Ọ̀gá! Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ná."

"Ta ló bi ọ́?"

Ó dun Dúródọlá dé eegun pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Ọjọ́ pé. Olúgbóyèga wọ kóòtù tuntun, ó kó gbogbo akọ̀wé jọ kí ẹlẹ́rìí lè pọ̀.

"Mi ò fojú kan oorun fún oṣù mẹ́fà, mà, nítorí Palẹ̀mọ́ yìí."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó hàn gbàgàdà lójú ẹ̀rọ: ẸNI TÓ ṢE É: DÚRÓDỌLÁ ADÉGBÌTẸ́.

"Ara ẹ̀rọ ò yá, mà." Ó tún un tẹ̀. Dúródọlá. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Dúródọlá náà ni.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é ni?" Ìyáàfin Veronica bi í. "Ẹ tún un ṣe kí orúkọ yín hàn."

Nínú òtútù ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì, òógùn bo ọ̀gá. Ó wo bọ́tìnnì, bọ́tìnnì wò ó.

"Ta ló fi fáìlì yín ṣáájú?" ni Ìyáàfin Veronica bi í, lẹ́yìn tó ti wo bí Palẹ̀mọ́ ṣe ń ka fáìlì méjèèjì.

"Èmi ni, mà!" Ìgbéraga ti dáhùn kí ọgbọ́n tó dé. "Ṣebí àgbà ni mí!"

"Níbi oúnjẹ ni àgbà ti ń ṣáájú. Níbi ìpàdé, ta ní ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Àgbà ni!" ni gbogbo akọ̀wé hó yèè.

"Shikenan," ni Ádámù wí, "ìpàdé ti parí."

Lọ́jọ́ Ajé, Dúródọlá ti wà lórí àga ọ̀gá, ó ń kọ́ àwọn akọ̀wé bí wọn yóò ṣe kọ fáìlì tiwọn, wọ́n sì tò lọ síta. Wọ́n rí Olúgbóyèga ní ìdí ìlà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, wọ́n yà fún un pé kí bàbá bọ́ síwájú.

Ó fà sẹ́yìn. "Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkẹyìn."