Garawa Èènì Ẹnjiníà Ràímì

Bí ẹ bá fẹ́ kí Ràímì Àkànbí, ẹ má pè é ní Ràímì. Bí ẹ bá pè é ní Ràímì, etí rẹ̀ á di. Bí ẹ bá pè é ní Ẹnjiníà, á gbọ́ yín láti ìlú Ìlémọnà lọ́hùn-ún. Rédíò, fáànù, áyọ́ọ̀nù àti aago ògiri ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì fara ti èyí tí èmi Àríkẹ́ ti ń ránṣọ, lójú ọ̀nà sítéṣọ̀n rélùwéè ní Ọ̀fà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù náà pé: ẸNJINÍÀ R. ÀKÀNBÍ, OHUN TÍ A BÁ TÚ, A Ó TÒ Ó.

Kò purọ́ o. Ó ń tò ó. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé nǹkan kì í ṣàì ṣẹ́kù. Bó bá tú rédíò, tó sì tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta á kù nílẹ̀, nígbà mìíràn wáyà kan á tẹ̀ lé wọn. Garawa kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó ń da gbogbo rẹ̀ sí. Bí oníbàárà bá bi í léèrè, á ní, "Èènì lòyìnbó fi wọ́n ṣe."

Ó tún fáànù Alhaja Ràfátù ṣe lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ náà, fáànù ò fẹ́ atẹ́gùn mọ́, ńṣe ló ń fà á. Ó fa gèlè kúrò lórí Alhaja nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Maṣíìnì tèmi náà ránṣọ lọ sẹ́yìn fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Àní iṣẹ́ tó lọ kọ́ ní Ìbàdàn pàápàá, kò kọ́ ọ tán kó tó wálé. Ọdún méjì ló ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n orúkọ Ẹnjiníà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni bàbá Asiata gbọ́ tó fi fún un lọ́mọ. Òun náà ni wọ́n fi ń pe Asiata lọ́jà, "Ìyàwó Ẹnjiníà", tí wọ́n sì ń bù kún ọjà tó bá rà. Bí wọ́n bá gba orúkọ náà lọ́wọ́ Ràímì, mi ò mọ ohun tó máa kù fún un yàtọ̀ sí garawa.

Lọ́dún 1991, Akínwándé, ọmọ Daddy Adétóyè, fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Daddy Adétóyè ti fi ogún ọdún tọ́jú bàálù ogun ní Kàdúná kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé, tó sì di àgbà ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ohun tí ọmọ fi ránṣẹ́ ni bàálù ogun kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ tò, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Gbogbo rẹ̀ wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, àpò láílọ́ọ̀nù kékeré kan sì wà lọ́tọ̀. Nítorí pé ọwọ́ Daddy ti ń gbọ̀n, ó gbé e wá sọ́dọ̀ Ràímì.

"Ẹnjiníà, fetí sílẹ̀ dáadáa," Daddy ní. "Èyí tó wà nínú páálí yìí, èèyàn kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí tí mo tọ́jú ní Kàdúná, èèyàn méjì ló ń wọ̀ ọ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú láílọ́ọ̀nù yìí ló máa sọ ọ́ di ti ẹlẹ́ni méjì. Rẹ́sìn ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe ike lásán, wọ́n tètè ń ṣẹ́. O máa fi ayùn gé imú ti inú páálí kúrò, kó o wá fi tuntun yìí..."

"Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ìwé àlàyé rẹ̀ nìyí."

"Ẹ fi ìwé yẹn pamọ́, Daddy. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ló ń kàwé. Ẹnjiníà kì í wà lọ́jà kí imú bàálù ó wọ́."

Daddy wò ó títí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sáàárín Bíbélì tó wà lábíyá rẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì mi ni Bàbá Oyètúndé jókòó sí lọ́jọ́ náà, níbi tó ti ń jókòó lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn bíi kó rí oníyàngàn tó yà kúrò lójú irin.

"Ràímì," ó ní, "ẹyọ mélòó ló máa ṣẹ́kù nínú eléyìí?"

"Ẹyọ kan ò ní ṣẹ́kù, Bàbá."

"Bó bá wá ṣẹ́kù ńkọ́?"

Ràímì dìde. Ó rí i pé àwọn èèyàn ti ń dúró létí títì, ìyẹn sì ni oògùn tó máa ń pa á. "Bí ẹyọ kan péré bá ṣẹ́kù, kí ẹ gun àkàbà, kí ẹ fọwọ́ ara yín kun Ẹnjiníà kúrò lára pátákó mi. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ìyẹn ti di ti àná. Ìmọ̀ ẹ̀rọ lorò Ọ̀fà báyìí."

Asiata tó gbé oúnjẹ ọ̀sán dé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Bàbá Jímọ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀, "ṣé ẹ ò lè fi nǹkan mìíràn ta tẹ́tẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Ràímì ní kí n rán kóòtù funfun kan fún òun, irú èyí tí àwọn dókítà ń wọ̀, kí n sì fi òwú pupa kọ Ẹnjiníà sí i láyà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù tó kọ́kọ́ rà kò mú rẹ́sìn, bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ló ń bọ́. Ó wá ra súpágúlù, ìyẹn sì mú gbogbo nǹkan. Ó mú rẹ́sìn, ó mú ike, ó mú ìka rẹ̀ méjì pọ̀ tó fi jẹ́ pé ìka mẹ́ta ló fi juwọ́ sí gbogbo ayé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan.

Ìṣòro dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti gé imú àtijọ́ kúrò, ó sì ti fi imú rẹ́sìn síbẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Iṣẹ́ náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó pààrọ̀ ìrù, ó pààrọ̀ dígí tó ń bo ibi ìjókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe gbogbo èyí tán, imú àtijọ́, ìrù àtijọ́ àti dígí àtijọ́ wà lórí tábìlì, wọ́n ń wò ó lójú.

Ó yọjú sí mi.

"Àríkẹ́, bó o bá rán àpò tuntun sára ṣòkòtò, kí lo máa ń fi àpò àtijọ́ ṣe?"

"Mo máa ń sọ ọ́ nù ni, Ẹnjiníà."

"O máa ń sọ ọ́ nù." Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá rẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pe ìwọ ní Ẹnjiníà."

Ó padà wọlé. Fún ọjọ́ méjì mo ń gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń fa ayùn, tó ń kọsẹ̀ lára àga. Ó fara balẹ̀ kun àwọn awakọ̀ kékeré méjì tó bá bàálù náà wá, tí wọn kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n gbẹ, ó tún kọjú sí ìrù. Nígbà tó yọjú síta, ìgbọ̀nwọ́ kóòtù tí mo rán ti le gbagidi, gọ́ọ̀mù lórí ọ̀dà, ọ̀dà lórí gọ́ọ̀mù. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àdúgbò pé sí pálọ̀ Daddy Adétóyè. Ràímì gbé bàálù wọlé lábẹ́ aṣọ. Kó tó ṣí i, ó kọ́kọ́ gbé páálí sókè, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbọn láílọ́ọ̀nù náà. Bàbá Oyètúndé ti lọ yẹ garawa wò ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ó wá na ọwọ́ sínú àpò kóòtù Ràímì, òsì àti ọ̀tún, kò bá nǹkan kan.

"Kò sí," ó ní, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún.

Ràímì wá ká aṣọ kúrò.

Bàálù náà ní imú níwájú, ó ní imú lẹ́yìn. Ìrù kan dúró lórí rẹ̀, ìrù kejì tò tẹ̀ lé e. Dígí àtijọ́ wà lábẹ́ ikùn.

"Èwo ni iwájú?" Alhaja Ràfátù bèèrè.

"Méjèèjì ni, Alhaja."

"Dígí abẹ́ yìí ńkọ́?"

"Kí wọ́n lè máa rí ilẹ̀ ni."

Bàbá Oyètúndé yí bàálù náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Irú èyí ni mo fi gbogbo ayé mi bẹ̀bẹ̀ fún ní rélùwéè," ó ní. "Bó bá dé Kánò, kò ní í nílò àtiyí orí padà. Awakọ̀ á kàn dìde, á lọ jókòó sẹ́yìn."

Daddy Adétóyè ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí Bíbélì, ó yọ ìwé àlàyé náà, ó fi awò sójú, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa díẹ̀díẹ̀. "Bí o bá tò ó tán, àwọn wọ̀nyí á ṣẹ́kù: imú àtijọ́, ìrù àtijọ́, dígí àtijọ́. Kó wọn dànù."

Ó ká ìwé náà padà.

"Ràímì, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ohun tí kò yẹ kó ṣẹ́kù ló ń ṣẹ́kù. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí òyìnbó ṣe èènì lóòótọ́, o fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Asiata nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, pátákó ló ń rò. Ràímì pàápàá làágùn, ṣùgbọ́n kò gbà.

"Àdéhùn ni àdéhùn," ó ní. "Ṣé a sọ pé imú méjì ò gbọdọ̀ wà? A ò sọ ọ́. A ní ẹyọ kan ò ní ṣẹ́kù. Bàbá, ṣé ẹyọ kan ṣẹ́kù?"

"Kò ṣẹ́kù," Bàbá Oyètúndé ní. Olóòótọ́ èèyàn ni.

Asiata mí kanlẹ̀. Ràímì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alhamdulilahi," ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí èmi àti Asiata jókòó sí. Mo rí i. Mo fẹ́ fi ìborùn mi bò ó. Ṣùgbọ́n Asiata ò mọ nǹkan kan nípa bàálù.

"Bàbá Jímọ̀," ó ní, "àwọn wo ló sùn sẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ yín yìí?"

Bàbá Oyètúndé fò dìde. Daddy Adétóyè náà sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ Ràímì mú, ó wo ìgbọ̀nwọ́ náà pẹ́. Èèyàn kékeré méjì ló sùn síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gọ́ọ̀mù, tàwọn ti akoto lórí, wọ́n kọjú sókè. Daddy yẹ inú bàálù wò. Àga méjèèjì ṣófo.

"Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ni," Daddy ní. "Wọ́n ti rí ohun tó o tò. Wọ́n ti bẹ́ sílẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Oyètúndé gun àkàbà. Ó tú pátákó náà sọ̀kalẹ̀, ó kun Ẹnjiníà rẹ́, ó dúró kó gbẹ, ó gbé e gòkè padà, ó sì dè é. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tó la àtẹ́lẹwọ́, nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀. Ó wo nọ́ọ̀tì, ó wo pátákó, ó tún wo nọ́ọ̀tì.

Ràímì wọlé, ó gbé garawa rẹ̀ jáde, ó nà án sí i.

"Èènì ni, Bàbá," ó ní.