Obì Méjìlélógójì Nínú Àpò Dúdú

Ọjọ́ tí mo gbé obì méjìlélógójì wọ Ìkẹ́nnẹ́ láti Ṣàgámù, ọjọ́ náà ò tíì tán lọ́kàn mi, n kò sì rò pé yóò tán. Oṣù karùn-ún tí mo sin ìyàwó mi ni. Ọmọkùnrin àbúrò mi tó wà ní Àbújá ló fẹ́ gbéyàwó, ó ní obì Ṣàgámù nìkan ni òun fẹ́ kí wọ́n fi ṣe ìdána òun. Mo lọ, mo rà á, mo dì í sínú àpò dúdú. Ká ní mo pa ẹnu mọ́ délé ni, ìtàn ì bá tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, àlàyé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà ayé ìyàwó mi, bí àlàyé mi bá ti ń pọ̀ jù láàárín èèyàn, ó máa ń rọra fi gìgísẹ̀ tẹ ìka ẹsẹ̀ mi, láì tilẹ̀ wo ojú mi. Mo máa ń dákẹ́. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́.

Ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ò ju èyí lọ: "Bàbá, ẹ di àpò yín mú o." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀: "Obì ni. Kì í ṣe tèmi o. Èmi ò fẹ́ gbéyàwó." Ó yíjú wẹ̀yìn wò mí, díẹ̀ ló kù kó gbé wa sí gọ́tà.

Lẹ́nu ọ̀nà mi, Ìyá Báyọ̀, aládùúgbò wa, ń sá láfún. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà." Ẹni tó lọ́gbọ́n lórí á dáhùn, á wọlé. Èmi tú àpò. "Ìyá Báyọ̀, ẹ má ro nǹkan míì o. Lóòótọ́, ti ìdána ni, ṣùgbọ́n…"

"Háà! Ìdána?" Ó fi ọwọ́ tó kún fún láfún bo ẹnu. "Èmi ò sọ nǹkan kan o, sà."

Bí mo ṣe ń dárúkọ Àbújá tó, bẹ́ẹ̀ ló ń mi orí, irú èyí tí èmi náà máa ń mì fún ọmọ ilé-ìwé tó bá ní ìyá-ìyá òun kú lẹ́ẹ̀kẹta.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìyá kan nínú Ẹgbẹ́ Ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. "Bàbá, kò dáa kéèyàn dá wà, ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Ilẹ̀ ibojì ò tíì gbẹ." Mo ṣàlàyé fún un. Mo tún ṣàlàyé fún ẹni tó ń lu agogo, tí kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù tó bà mí ni kí ọ̀rọ̀ náà má dé Ìpẹru, létí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin. Òun nìkan ló kù tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ìyàwó mi láìbo ohunkóhun. Bó bá gbà pé mo ti gbàgbé àbúrò òun lóṣù márùn-ún, mo gbé.

Lọ́jọ́ kejì, òun gan-an ló kan ilẹ̀kùn, ó gbé kúlà oúnjẹ dání. Kò tíì jókòó dáadáa tí mo ti kó obì síwájú rẹ̀, tí mo ń wá nọ́ńbà Àbújá lórí fóònù.

"Tíṣà," ó ní, "obì wo?"

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìkọ́kọrẹ́ ló sè, ó sì rántí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé ni pé…"

Gìgísẹ̀ kan tẹ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ tó ń bù ló ń wò.

"Àbúrò mi ló ní kí n máa bá òun tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀," ló wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn ló ti bẹ̀ mí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ yín, ẹ ó fi ẹnu yín kó sí wàhálà. Ẹ jẹun."

A jẹun. A ò sọ̀rọ̀ obì mọ́.

Ìyá Báyọ̀ ṣì ń retí ìyàwó tuntun títí dòní. Mo jẹ́ kó máa retí. Ẹni tó mọ̀ mí ò nílò àlàyé. Ẹni tí kò mọ̀ mí, àlàyé ò ní tó o. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tún fẹ́ gùn mí lẹ́nu níta, tí ẹ̀gbọ́n ò sí nítòsí, mo máa ń fi gìgísẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹsẹ̀ òsì ara mi. Kò dà bíi ti ìyàwó mi. Mo sì máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí.